Ìtànṣán Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Ti Ṣọ́ra

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń bá obìnrin jà ní Nàìjíríà, ti ọmú ló wọ́pọ̀ jù lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, tó wà ní ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn obìnrin láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti ilẹ̀ Ìgbómìnà lápapọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Káàkiri ayé, ọwọ́ tí àwọn dókítà fi ń mú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ti ń yí padà. Lára àyípadà náà ni pé wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn díẹ̀ tí ń tan ìtànṣán (radiation) kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí oníṣẹ́ abẹ lè fi ẹ̀rọ tọ oògùn náà lọ dé ibi tó yẹ kó gé, kó má sì gé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn atọ́nà ni mo máa pè é nínú àlàyé yìí.

Ìjọba àpapọ̀ ti ń dá ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ àti ti nuclear medicine, ìyẹn ìṣègùn tí ń lo oògùn onítànṣán, sílẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bi ara wọn lábẹ́lẹ̀ ti tó ohun tí a ní láti dáhùn ní gbangba. Ṣé nọ́ọ̀sì tó dúró ti aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kò ní gbé ìtànṣán lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé? Ṣé aláboyún lè wọ yàrá náà? Ta ni yóò fọ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì? Ìdáhùn tèmi ni pé ìtànṣán tí ń ti ara aláìsàn wá nínú èyí tó pọ̀ jù lọ lára irú iṣẹ́ abẹ yìí kéré gidigidi, àti pé ẹ̀rù tí ó ń dá bani ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kíkéré rẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́. Ohun tí yóò dáàbò bò ó ni kí àkọsílẹ̀ wà, kí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ àti ẹni tó ń gbé ẹran ara tí a gé lọ sí láàbù sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n.

Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi mìíràn wà tí ń ṣàn nínú ara wa, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní lymph. Omi yìí a máa gba inú àwọn kókó kéékèèké kọjá, irú èyí tí ń wú ní abíyá tàbí lábẹ́ àgbọ̀n nígbà tí egbò bá wà nítòsí. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá fẹ́ tàn, inú àwọn kókó abíyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣe ni pé wọ́n á kó gbogbo kókó abíyá kúrò pátá, yálà jẹjẹrẹ ti débẹ̀ tàbí kò tíì débẹ̀. Apá ọ̀pọ̀ obìnrin a sì máa wú lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹni tó ń gúnyán, tó ń fọṣọ, tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà, mọ ohun tí apá wíwú máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọgbọ́n tó yí èyí padà rọrùn láti ṣàlàyé. Nínú gbogbo kókó abíyá wọ̀nyẹn, ọ̀kan tàbí méjì ló wà tí omi tó ń ti ibi jẹjẹrẹ bọ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn; ẹ jẹ́ ká pè é ní kókó aṣọ́nà. Bí a bá rí i, tí a yọ òun nìkan, tí láàbù sì sọ pé jẹjẹrẹ kò sí nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a fi ìyókù sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ní 1992, Donald Morton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí aró búlúù ṣe lè fi kókó yìí hàn lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara tí ń jẹ́ melanoma. Ní 1993, David Krag àti àwọn tirẹ̀ lo oògùn onítànṣán pẹ̀lú ọ̀pá kan tí ń gbọ́ ìtànṣán láti wá kókó náà fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n méjèèjì ti tàn dé ibi púpọ̀, tí a sì máa ń lò wọ́n pọ̀ nígbà mìíràn.

Oògùn tí wọ́n ń lò jù lọ ni èyí tí a fi technetium-99m, èròjà onítànṣán kan, ṣe. Wọ́n á gún un sí ẹ̀gbẹ́ kókó jẹjẹrẹ tàbí sí abẹ́ awọ ọmú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ní ọjọ́ tó ṣáájú. Bí oníṣẹ́ abẹ bá na ọ̀pá rẹ̀ sí abíyá, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ọ̀pá ṣe ń súnmọ́ kókó aṣọ́nà ni dídún rẹ̀ ń yára sí i. Àbùdá pàtàkì kan wà lára technetium yìí: bí wákàtí 6 bá ti kọjá, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, bí wákàtí 6 mìíràn bá tún kọjá, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí ọjọ́ kan bá fi máa pé, ó ti ku ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, nítorí ẹ̀rù tí a kò bá wọ̀n kì í tán. Ìwọ̀n ìtànṣán tí ara ènìyàn gbà ni a ń fi sievert kà. Sievert kan tóbi púpọ̀, nítorí náà millisievert, tó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, ni ilé ìwòsàn ń lò, bákan náà ni microsievert, tó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún millisievert. Gbogbo wa ló ń gba ìtànṣán láti inú ilẹ̀, láti inú àpáta, láti ojú ọ̀run àti láti inú oúnjẹ tí a ń jẹ. Ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà sọ pé, tí a bá pín in káàkiri ayé, ó jẹ́ bíi millisievert 2.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Èyí jẹ́ microsievert 6 àti díẹ̀ lójúmọ́, fún alágbàṣe, fún ọba, fún ọmọ ọwọ́.

Megabecquerel ni a fi ń ka bí oògùn onítànṣán fúnra rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìwọ̀n technetium tí a sábà máa ń gún fún iṣẹ́ abẹ ọmú lọ́jọ́ kan náà kò ju megabecquerel 10 sí 40 lọ. Fún àfiwé, ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán gbogbo egungun rẹ̀ máa ń gba ohun tó lé ní 500. Ẹ jẹ́ ká mú 20. Ẹni tó dúró sí ìwọ̀n ìdajì mítà sí oògùn bẹ́ẹ̀ yóò gba nǹkan bíi microsievert kan àti ààbọ̀ ní wákàtí kan, ká tiẹ̀ sọ pé kò sí ohunkóhun láàárín òun àti oògùn náà, tí oògùn náà kò sì dín kù rárá. Ìyẹn kò tó ìdajì ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún un lójúmọ́. Bí ó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní ìgbà 100 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún millisievert. Òfin àgbáyé gba òṣìṣẹ́ ìtànṣán láàyè títí dé millisievert 20 lọ́dún, tí a bá pín in sórí ọdún 5, kò sì gbọdọ̀ kọjá 50 nínú ọdún kan ṣoṣo nínú wọn. Ti ará ìlú lásán, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìtànṣán, jẹ́ millisievert 1 lọ́dún. Oníṣẹ́ abẹ inú ìṣirò wa kò tilẹ̀ dé ààlà ti ará ìlú.

Ti ìka ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òun ló ń súnmọ́ ibi tí oògùn wà. Bí ìka bá wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí ibi tí wọ́n gún oògùn sí fún ìṣẹ́jú 10, ó lè gba bíi microsievert 25 sí 30. Ààlà tí òfin fi lélẹ̀ fún ọwọ́ àti awọ ara jẹ́ millisievert 500 lọ́dún, tí í ṣe 500,000 microsievert. Jíjìnnà sí i tún ní agbára tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí o bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ohun tí o máa gbà yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun, tó jókòó sí ìhà orí, àti nọ́ọ̀sì tó ń gbé nǹkan wọlé tó ń gbé e jáde, kò gba ohun tó ṣeé fọ́nnu rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó ṣe kedere. Ẹni tí ìtànṣán bà lára kò di onítànṣán, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró níwájú àtùpà kì í ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láìsí ìfòyà kankan. Ohun tó lè bá ènìyàn dé ilé ni oògùn fúnra rẹ̀, bí ó bá ta sí i lára tàbí sí aṣọ rẹ̀ tí kò sì mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń dènà èyí: ìbọ̀wọ́, aṣọ iṣẹ́ tí a máa bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ fífọ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ọwọ́, bàtà àti ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Nínú iṣẹ́ abẹ ọmú, oògùn náà kì í rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń dúró sí ibi tí a gún un sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé abíyá. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ta sí aṣọ oníṣẹ́ abẹ kò ní ohun tó pọ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn bá ń dúró sí ibi tí a gún un sí, tí dókítà sì gé kókó jẹjẹrẹ náà pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, ohun tó gé yẹn ló gbé ìtànṣán tó pọ̀ jù jáde kúrò nínú yàrá. Inú ike ni wọ́n máa ń fi í sí, pẹ̀lú fọ́málíìnì tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, wọ́n á sì fi rán ẹnì kan lọ sí láàbù pàtọ́lọ́jì. Ta ni ẹni náà? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni, tàbí òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìlé ìwòsàn rárá, tí kò sì sí ẹni tó pè é sí ìpàdé nígbà tí wọ́n ń dá àwọn yòókù lẹ́kọ̀ọ́. Ìtànṣán tó máa bà á lójú ọ̀nà láàbù kéré, mo tún un sọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni kí ènìyàn gbé ohun tí kò mọ̀, kí ó gbé e sí orí tábìlì tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹun lé, tàbí kí ó da á sí inú pàǹtí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí a lẹ àmì ìtànṣán mọ́ ike náà, kí a kọ ọjọ́, wákàtí tí a gún oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí láàbù sì ní ibi kan tí a ń gbé e sí títí di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó gé e wẹ́wẹ́. Fọ́málíìnì fúnra rẹ̀ ń gba bí ọjọ́ kan kó tó wọ inú ẹran dáadáa, nítorí náà ìdúró yìí kì í sábà fa ìdádúró kankan fún aláìsàn. Gọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ aláìsàn yẹ kí wọ́n wà nínú àpò tiwọn, kí a sì gbé àpò náà sí yàrá tí a ti pa. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀lé ni pé kí a dúró títí agbára oògùn náà yóò fi dín sí ìdajì ní ìgbà 10, èyí tó jẹ́ wákàtí 60 fún technetium, ìyẹn ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Nígbà náà ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mọ́. A ó wá fi ẹ̀rọ wò ó, bí kò bá yàtọ̀ sí ibi gbogbo mọ́, a ó yọ àmì ìtànṣán kúrò lára àpò, aṣọ á lọ sí ibi ìfọṣọ, pàǹtí á lọ sí ibi tí pàǹtí ilé ìwòsàn ń lọ. Ohun tí èyí gbà ni yàrá kékeré kan, kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ̀rọ ìwọ̀n kan àti ìwé tí a ń kọ nǹkan sí.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ti technetium kékeré fún iṣẹ́ abẹ ọmú ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan náà wo oògùn atọ́nà yòókù. Fún jẹjẹrẹ tó ti inú prostate ọkùnrin tàn lọ sí àwọn kókó inú ìsàlẹ̀ ikùn, ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣègùn Jámánì wà lára àwọn tó gbé e jáde, nínú èyí tí a ń gún oògùn technetium tó ń lẹ̀ mọ́ jẹjẹrẹ náà sínú iṣan ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ìwọ̀n tí a ń gún níbẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún megabecquerel. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, tí iṣẹ́ abẹ fi máa bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tó kù ṣì pọ̀ ju ti iṣẹ́ abẹ ọmú lọ, ó sì ti rìn káàkiri ara, nítorí náà ìtọ̀ aláìsàn náà gba ìṣọ́ra.

Fluorine-18, èròjà onítànṣán mìíràn tí a mọ̀ mọ́ àwòrán PET tí a fi ń wá jẹjẹrẹ nínú ara, ń dín sí ìdajì ní ìṣẹ́jú 110, àmọ́ ìtànṣán rẹ̀ lágbára ju ti technetium lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀. Níbí ni épíróònù onírin òjé ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Épíróònù tí àwọn òṣìṣẹ́ x-ray ń wọ̀, tí òjé inú rẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, ń dí x-ray dáadáa. Ó ń dín ìtànṣán technetium kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ti fluorine-18 ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbé e wọ̀ níwájú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kàn ru ẹrù wúwo lásán ni, ó sì lè tìtorí rẹ̀ dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, níbi tó jẹ́ pé àkókò kúkúrú àti jíjìnnà ni ààbò rẹ̀ gan-an.

Èyí tó gba àmójútó jù lọ lójú tèmi ni hóró iodine-125. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá kéré débi pé ọwọ́ kò lè tọ́ ọ, a lè fi abẹ́rẹ́ ti hóró kékeré kan sí àárín rẹ̀, tí kò gùn ju bíi mìlímítà 4 àti ààbọ̀ lọ, tí titanium bò. Ọ̀pá oníṣẹ́ abẹ á tẹ̀lé hóró náà. Ìtànṣán rẹ̀ kò le, àní fínfín òjé lè dí i. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 59 ni ó máa ń tó kó tó dín sí ìdajì, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ lónìí, tí wọ́n gbá a mọ́ ìdọ̀tí, ó ṣì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí i. Bí ọ̀bẹ bá sì gé titanium tó bò ó, iodine inú rẹ̀ lè jáde, ọ̀fun, níbi tí ẹṣẹ́ thyroid wà, ni iodine sì máa ń wá lọ nínú ara ènìyàn. Nítorí náà, hóró kọ̀ọ̀kan ní láti ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé: ìgbà tó wọlé, ara ẹni tó wọ̀, ìgbà tí a yọ ọ́, ọwọ́ ẹni tí a fi í lé ní láàbù, àti ibi tó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí aláìsàn tó jáde kúrò lórí tábìlì ni ó yẹ kí a ti fi ẹ̀rọ mọ̀ pé hóró wà nínú ẹran tí a gé.

Bí a bá wo ìtàn ìjàǹbá ìtànṣán tó pa ènìyàn láàárín ará ìlú, ohun tí kò sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tàbí tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1987, ní Goiânia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì ta irin rẹ̀ fún oníṣòwò àlòkù irin. Caesium-137, èròjà onítànṣán kan, ló wà nínú rẹ̀, ó ń tàn búlúù lóru, àwọn ènìyàn sì ń pín in fún ara wọn. Ènìyàn 4 ló kú, caesium náà sì kan 249 lára. Nílé wa níhìn-ín, ní òpin ọdún 2002, ohun èlò onítànṣán tí àwọn tó ń wa epo ń lò sọnù ní Niger Delta, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i, láàárín àlòkù irin ní Jámánì. Technetium tí ń tán ní ọjọ́ mélòó kan kò lè ṣe irú ìyẹn. Mo mú wọn wá nítorí pé ohun tó fa ìjàǹbá méjèèjì kì í ṣe pé ẹnì kan dúró ti aláìsàn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí nǹkan náà wà ni.

Ní Nàìjíríà, àjọ tí òfin gbé àṣẹ náà lé lọ́wọ́ ni Nigerian Nuclear Regulatory Authority, NNRA, tí òfin 1995 dá sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Láti 2003 ni ìlànà ìpìlẹ̀ lórí ìtànṣán ti wà, èyí tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ń lo ohun onítànṣán gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, gbọ́dọ̀ yan ẹni tó ń mójú tó ààbò ìtànṣán, ó sì gbọ́dọ̀ máa wọn ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Báàjì kékeré tí a ń fi kọ́ àyà ni ohun ìwọ̀n náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń súnmọ́ oògùn tún lè wọ òrùka tí ń wọn ti ìka. Báàjì kì í dènà ìtànṣán, àkọsílẹ̀ ni. Báàjì tí a fi kọ́ ògiri tàbí tí a gbàgbé sínú ọkọ̀ ń kọ ìtàn ògiri àti ti ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni báàjì tí a kó lọ fún kíkà tí èsì rẹ̀ kò padà dé ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, nítorí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti mọ nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ewu láàárín òṣìṣẹ́ ìlera, ó sì tọ́ kí wọ́n bèèrè rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí ìbéèrè fún èsì báàjì ké sókè tó ti owó náà.

Ti aláboyún ni ọ̀rọ̀ tí ń ba àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ yìí lẹ́rù jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ààlà tí a fi lélẹ̀ ni pé, láti ìgbà tí ó bá ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun lóyún, ọmọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju millisievert 1 lọ títí tí yóò fi bí i. Bí a bá padà sí ìṣirò wa òkè, ó máa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ abẹ ọmú kí nọ́ọ̀sì tó dúró sí ìdajì mítà tó lè súnmọ́ ìyẹn. Nítorí náà kò sí ìdí láti lé aláboyún kúrò ní yàrá náà ní tìpátìkúùkù, kò sì sí ìdí láti fi dandan mú un wọlé. Kí a fi nọ́ńbà hàn án, kí a fún un ní báàjì tí a ń kà lóṣooṣù, kí ó sì yan èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè sọ fún ọ̀gá, ó ní láti mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe fún àwọn tó ní oyè nìkan.

Ohun mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin àti ní àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò lónìí, kí oògùn atọ́nà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ni ẹ̀rọ x-ray tí a ń gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí C, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun ń lò. Ìtànṣán tí ń ta yọ láti ara aláìsàn nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń ṣiṣẹ́ lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti technetium inú ọmú lọ, níhìn-ín ni épíróònù òjé sì ti wúlò gidi. Ẹyinjú pẹ̀lú wà nínú ewu: ní 2011 ni ICRP, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ààbò ìtànṣán, dábàá kí a dín ààlà ti ẹyinjú kù láti 150 sí 20 millisievert lọ́dún, nítorí ẹ̀rí pé ìtànṣán tó kéré ju ohun tí a rò lọ lè fa ìbòjú tí a mọ̀ sí cataract. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sá fún aláìsàn tó gba oògùn atọ́nà, tó sì ń dúró láìbora níwájú ẹ̀rọ C yìí, ibi tí ewu ti kéré ló ń sá fún.

Ẹnìkan tún wà tí a kì í rántí: òṣìṣẹ́ tó ń po oògùn. Technetium ń ti inú ohun èlò kan jáde, tí molybdenum-99 wà nínú rẹ̀, tí ń dín sí ìdajì ní wákàtí 66. Ẹni tó ń fa oògùn jáde láti inú rẹ̀, tó ń wọ̀n ọ́n sínú síríńjì, ń fọwọ́ kan ìwọ̀n tó pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Òun ló nílò òrùka, ìbòrí òjé fún síríńjì, àti ọwọ́ tó yá. Bí a bá ní owó díẹ̀ láti ná sórí ààbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìgbà tí Ìlọrin lè dara pọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ nuclear medicine ti wà ní UCH Ìbàdàn láti 2006. Bí a bá gbé technetium láti Ìbàdàn gba Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìlọrin, tí ìrìn náà gba wákàtí 3, yóò ṣì ku bí ìdá méje nínú mẹ́wàá, nítorí náà kò sí ohun tó ní kó má ṣeé ṣe, bí ìwé àṣẹ ìrìnnà bá wà, tí àpótí òjé bá wà, tí awakọ̀ sì mọ ohun tó gbé. Títí di ìgbà náà, aró búlúù kò nílò ìwé àṣẹ ìtànṣán kankan, methylene blue tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn kò sì wọ́n; ó lè fi kókó aṣọ́nà han oníṣẹ́ abẹ tó ti kọ́ ọ. Àǹfààní ọ̀nà méjèèjì, ti aró àti ti oògùn atọ́nà, wà fún obìnrin tó bá tètè wá, tí ọwọ́ kò tíì tọ́ kókó kankan ní abíyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá sì ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Bí ilé ìwòsàn kan níbí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn atọ́nà, yàrá tí pàǹtí máa sùn sí fún wákàtí 60 àti orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó ra ọ̀pá.